Kọ́kọ́rọ́ Méje Ìyá Gáùn

Orúkọ tí wọ́n ń pe Ìyá Gáùn lẹ́yìn ti pọ̀ báyìí. Àwọn kan ní obìnrin olókùn. Àwọn kan ní obìnrin tó tú àṣírí yàrá ẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀ tí ojú ò sì tì í. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àtiẹ̀ fi jókòó ní yàrá ìránṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, máṣíìnì tèmi kọjú sí tiẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kí n mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ara mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣojú mi kòró.

Gáùn ni iṣẹ́ wa. Gáùn dúdú tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbàwé-ẹ̀rí, àti gáùn pupa tó wúwo tí àwọn ọ̀gá wọn ń wọ̀. Gáùn ọ̀gá àgbà ni olórí wàhálà. Pílíìtì méjìlélógójì ló wà léjìká ẹ̀, a ó máa ṣẹ́ aṣọ léra lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ́ẹ́rẹ́ bí etí ìwé. Tí ẹyọ kan bá ṣì, gbogbo ẹ̀yìn gáùn á wú, ọ̀gá àgbà á wá dà bí ẹni tó pọn ọmọ. Nínú gbogbo wa, Ìyá Gáùn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Obìnrin kúkúrú ni, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún, abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà aṣọ ẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ dì mọ́ ọn kí ẹ kọ́kọ́ ronú.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń pàṣẹ ìlú wa. Ní ẹnu géètì, obìnrin kan wà tó mú rúlà dání: síkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi ìka mẹ́rin kọjá orúnkún, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ aránṣọ. Wọn kì í súfèé níbẹ̀. Tọkọtaya tó bá di ọwọ́ ara wọn mú kọjá níwájú ilé ìjọsìn, lẹ́tà á ti wà nílẹ̀ dè wọ́n tó bá di Mọ́ńdè. Ìyàwó ọ̀gá àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ló ń kọ lẹ́tà yẹn. Òun ni alága Ìgbìmọ̀ Ìwà Rere. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Tí èèyàn bá ń ṣàìsàn, òun ló máa kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n tó bá ti pinnu pé òun fẹ́ gbà yín là, ẹ ti wọ gàù.

Ọkọ Ìyá Gáùn ni wọ́n ń pè ní Orí-Igi, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i. Òun ló ń gun àwọn igi gíga inú kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń gé ẹ̀ka tó bá fẹ́ wó lulé. Ó ga, ó tínrín, ó sì jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá pa á lẹ́rìn-ín láàárọ̀, ọ̀sán ló máa tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ okùn, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ó mọ kókó tó ń le sí i tí èèyàn bá fà á, ó mọ èyí tó ń dúró sójú kan, ó mọ èyí tí ìka kan ṣoṣo lè tú.

Ọdún kẹfà tí wọ́n ṣègbéyàwó, bẹ́líìtì ìgungi tuntun kan dé ọwọ́ ẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń gún èèyàn lábíyá, ló bá ní kí ìyàwó òun bá òun gbé e wọ̀. Ó dì í léjìká, ó dì í ní ìbàdí, ó ń fà á le díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í, “Ṣé ó ń gún ẹ níbí? Ibí ńkọ́?” Ìyá Gáùn ò dáhùn. Ọkọ gbójú sókè, ó rí i pé ojú ìyàwó òun ti rọ̀, ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rù bà á.

“Ṣé kí n tú u?”

“Má tíì tú u,” ni Ìyá Gáùn wí. “Rédíò ti kú.”

Ẹ ò ní lóye àfi tí ẹ bá mọ irú orí tó wà lọ́rùn ẹ̀. Orí yẹn kì í dákẹ́. Tó bá ń fọ abọ́, pílíìtì ló ń kà. Tó bá ń gbàdúrà, bọ́tìnnì ló ń kà. Ó sọ fún mi pé, “Àbúrò, bíi rédíò tó há sáàárín ìkànnì méjì ló rí. Kò sọ̀rọ̀ tó yé èèyàn, kò sì dákẹ́, ó ṣáà ń kùn.” Ó ti lo oògùn, ó ti gbààwẹ̀, ó ti lọ jókòó létí omi. Okùn ọkọ ẹ̀ ló pa rédíò.

Wọn ò kánjú o. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń jókòó sídìí tábìlì, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn ò fẹ́. Ọrùn, rárá. Bíbo ojú, rárá. Ọwọ́ sẹ́yìn, ó dáa, ṣùgbọ́n kó má kọjá ogún ìṣẹ́jú, torí ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń rán gáùn. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ìlú bá ti lọ wo bọ́ọ̀lù. Kí okùn tó jáde nínú àpò, Orí-Igi á béèrè ìbéèrè mẹ́ta: “Ṣé ó wù ẹ́ lónìí? Ṣé ibì kankan ń dùn ẹ́? Kọ́kọ́rọ́ dà?”

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Méje ni, nínú òrùka irin kan: ti ẹnu ọ̀nà iwájú, ti ẹ̀yìnkùlé, ti àtẹ̀gùn, ti kọ́bọ́ọ̀dù, ti àpótí ìyá ẹ̀ tó ti kú, ti agolo abẹ́rẹ́ ẹ̀, àti ti yàrá ìránṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá Gáùn ló máa ń mú un lọ́wọ́. Torí pé nígbà tí orí ẹ̀ bá ti lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kì í tètè dé ẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ò ṣòro láti ṣí. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti bọ́ sílẹ̀, ì báà ṣèèṣì bọ́, okùn gbọ́dọ̀ tú. Kò sí àlàyé, kò sí “ní sùúrù.” Àlùmọ́gàjí ńlá sì wà lórí àga nítòsí, tí kókó kan bá lọ ṣorí kunkun.

Tí okùn bá tú tán, ọkọ á da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, á lọ po tíì tó dùn wá. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè, torí ara ti dé, ṣùgbọ́n orí ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ìka ẹ̀ á dà bíi ti ẹlòmíì. Omi á máa bọ́ lójú ẹ̀, kò sì ní jẹ́ ẹkún. Lọ́jọ́ kan Orí-Igi gbàgbé, ó bi í pé kóró ṣúgà mélòó. Ìyá Gáùn ronú títí, ó ní, “Búlúù.”

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín ni?”

“Ẹ̀rù kí ni? Ọkùnrin tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni okùn gbé ẹ̀mí ẹ̀ dání lókè igi, ṣé òun ló máa dì mí ní ìdìkudì?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì mi orí. Kì í ṣe ohun tí èmi lè ṣe, mo ní kí n sọ òótọ́. Tí wọ́n bá de bàtà mi le jù, mo ti bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni orí ló mọ ohun tó ń kùn níbẹ̀.

Gbogbo èyí, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bẹ́ ló tó sọ ọ́ fún mi. Bó sì ṣe bẹ́ rèé.

Ọ̀sẹ̀ tí ayẹyẹ ìgbàwé-ẹ̀rí kù sí dẹ̀dẹ̀ ni. Mọ́mì rí i pé okùn wúrà tí wọ́n fi gba etí ìborùn gáùn ọkọ òun ti ń tú, kò lè dúró di Mọ́ńdè, ló bá gbé e lọ́sàn-án Sátidé, ó di ilé Ìyá Gáùn. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn gan-an ló kanlẹ̀kùn. Orí-Igi wà ní kíṣìnnì, kẹ́tùrù ń hó, kò gbọ́. Ìyá Gáùn gbọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbé e dìde o, kì í ṣe òun. Ó lọ ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ojú okùn tò lápá ẹ̀ méjèèjì bí ojú ẹní, omi ń dà lójú ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mọ́mì pariwo. “Ta ló ṣe èyí sí ẹ lára?”

Ẹ ti mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ó rò ó, ó rò ó, ó wá fi gbogbo ọkàn dáhùn pé, “Ọkọ mi ni, mà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ìborùn bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, bàtà ẹ̀ kan ṣẹ́kù sẹ́nu ọ̀nà.

Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó ṣú, ìlú ti gbọ́ pé Orí-Igi ń na ìyàwó ẹ̀ débi pé orí obìnrin náà ti dàrú. Mọ́ńdè, wọ́n ní kó má gungi mọ́ títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Ó ní wọ́n ní kí òun sinmi díẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Gáùn bá wọ yàrá kan, ọ̀rọ̀ á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ń wo òkú tó ń rìn. Ó ní, “Àbúrò, kí ló ń ṣe wọ́n? Ṣé mo ya aṣọ ni?” Èmi náà dákẹ́. Ẹ foríjì mí, mo rò pé òótọ́ ni.

Ní Wẹ́sidé, mo gbé gáùn méjìlá lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì ẹ̀, tí wọ́n ti tẹ̀ dáadáa. Ojú mi yá, mo ti kà á kó tó fọwọ́ bò ó: *Mo jẹ́wọ́ pé mo na ìyàwó mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì.*

Mo ní, “Ṣé ó ti gbà láti fọwọ́ sí i ni?”

“Ó ti gbà,” ni akọ̀wé wí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. “Láago mẹ́wàá òní ló máa fọwọ́ sí i. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá, pé ká má ṣe bi ìyàwó òun ní nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ọkùnrin tó ń na ìyàwó, ṣé bó ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn? Mo sáré, èmi tí mi ò sáré láti ilé ìwé. Mo bá Ìyá Gáùn nídìí pílíìtì ọ̀gá àgbà, ó ti dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo sọ fún un.

Kò sunkún. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ibi tó dé kó má baà sọnù, ó bọ́ irin tó fi ń bo ìka kúrò lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bí a ṣe ń rìn lọ sílé ẹ̀ lọ gbé àpò okùn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “tí ẹ bá sọ èyí níwájú wọn, ẹ ò ní lè rìn nílùú yìí mọ́.”

“Tí mi ò bá sọ ọ́, òun ni ò ní lè rìn. Wàá tẹ̀lé mi ni àbí wàá dúró níbí máa ka ewu fún mi?”

Mo tẹ̀lé e.

Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ìgbìmọ̀. Mọ́mì jókòó láàárín, oníwàásù kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lọ́tùn-ún ẹ̀, akọ̀wé wà lósì. Orí-Igi ti jókòó níwájú wọn, bírò ti wà lọ́wọ́ ẹ̀.

“Kí lo wá ṣe níbí?” ó bi ìyàwó ẹ̀, ohùn ẹ̀ kéré.

“Mo wá gba bírò.” Ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó tì í bọnú irun ẹ̀.

Mọ́mì ní, “Ìyá Gáùn, jókòó. Torí tìẹ la ṣe ń ṣe èyí. Má bẹ̀rù ẹ̀ mọ́.”

“Mọ́mì, mi ò bẹ̀rù ẹ̀ rí. Ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀rù. Ó sì ti tó.”

Ó da okùn sórí tábìlì. Oníwàásù fa àga ẹ̀ sẹ́yìn.

“Kì í ṣe ejò, sà. Ẹ lè fọwọ́ kàn án, mo ti fọ̀ ọ́. Ọkọ mi ò nà mí. Èmi ni mo ní kó dì mí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé.”

Oníwàásù wúkọ́. “Ọmọ mi, ṣé èyí lo pè ní ìfẹ́? Kí wọ́n fi okùn sí èèyàn lọ́rùn?”

“Kò dé ọrùn, sà. Ọrùn ò sí nínú àdéhùn.”

Èmi ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá jẹ ètè mi.

“Ṣùgbọ́n omi ń dà lójú ẹ!” ni Mọ́mì wí. “Mo fi ojú mi rí i!”

“Ẹ̀yin náà máa ń sunkún tí àwọn akọrin bá ń kọrin, mà. Ta ló ti torí ẹ̀ mú olórí akọrin rí?” Ó sọ ti rédíò fún wọn, ó sọ ti kọ́kọ́rọ́, ó sọ ti ìbéèrè mẹ́ta, kò fo ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá tábìlì mú. “Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń rán aṣọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Ẹ ti fi rúlà wọn ẹsẹ̀ mi. Ẹ ti yan bàtà fún mi. Ẹ ò bi mí rí bóyá ibì kankan ń dùn mí. Nílé mi, wọ́n máa ń bi mí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló ń bi yín?”

Mọ́mì gbé omi, kò mu ún, ó gbé e padà.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ rọ̀, èyí ló burú jù. “Gbọ́ mi dáadáa. Tó o bá ní ó nà ẹ́ ni, a máa ràn ẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ wà níbẹ̀, gbogbo wa máa káàánú ẹ. Ṣùgbọ́n tó o bá ní ìwọ lo fẹ́ ẹ, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò lè rán aṣọ tí àwọn ọmọ wa máa wọ̀.”

“Èmi ni mo fẹ́ ẹ.”

“Tún un rò.”

“Mo ti rò ó láti ọdún mẹ́sàn-án, mà.” Ó fa òrùka kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó wá kọ́kọ́rọ́ yàrá ìránṣọ, ó fi èékánná yọ ọ́, ó gbé e síwájú Mọ́mì. Ó mi èyí tó ṣẹ́kù. “Mẹ́fà ló kù. Á ṣì máa ró.”

Oníwàásù ló ká ìwé ìjẹ́wọ́ náà kò. Ó ní ẹni tí wọ́n ní wọ́n nà ní wọn ò na òun, kí làwọn fẹ́ fi ìwé ṣe.

Ẹ má rò pé tọkọtaya yìí dì mọ́ ara wọn lóde o. Ní ẹ̀gbẹ́ géètì, Orí-Igi ní, “Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo rò pé ó sàn kí wọ́n bú mi ju kí wọ́n fi ẹ́ ṣẹ̀sín lọ.”

“O ò bi mí.”

“Mo fẹ́...”

“Gbogbo Sátidé lò ń bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù, o ò bi mí!” Ìgbà yẹn ló tó sunkún, ẹkún gidi tí imú ń dà nínú ẹ̀.

Orí-Igi dúró bí igi. “Mo jẹ̀bi,” ló wí. Ó tún un sọ. Sátidé méjì kọjá tí okùn ò jáde nínú àpò.

Ìjì kan jà lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀ka ńlá kan wó há sórí òrùlé gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó lè gùn ún. Wọ́n ránṣẹ́ sí Orí-Igi, ó lọ, ó gé e, wọn ò sì sọ̀rọ̀ ìsinmi mọ́. Ìyá Gáùn ní tiẹ̀ gbé máṣíìnì sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀, ó dojú ẹ̀ kọ pópó. Láàárọ̀, àwọn kan á gba òdìkejì ọ̀nà kọjá. Á kí wọn láti ojú fèrèsé, á pe orúkọ wọn sókè ketekete, títí wọ́n á fi dáhùn. Lóṣù kejì, èmi náà gbé máṣíìnì mi tẹ̀lé e. Ó gé pélébé lára aṣọ gáùn dúdú, ó fi òwú wúrà kọ ọ́ sí i lára, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà: SÁTIDÉ, AAGO MẸ́TA SÍ MÁRÙN-ÚN, A TI TÌ. Ẹ MÁ KANLẸ̀KÙN. Gbogbo ìlú mọ ìdí tí wọ́n fi tì. Ìdí tó fi kọ ọ́ tóbi bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ọdún yípo, ìgbàwé-ẹ̀rí tún dé. Sátidé kan báyìí, mo jókòó sí fàráńdà, mò ń ṣẹ́ etí aṣọ, ni mo rí Mọ́mì tó ń bọ̀, gáùn pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Aránṣọ tuntun ti ṣe pílíìtì, ọ̀gá àgbà ti tún pọn ọmọ. Ó dúró, ó ka àkọlé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

“Aago mélòó ló lù?” ó bi mí.

“Mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, mà. Ẹ padà wá láago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

“Ayẹyẹ ń bọ̀ ní Tọ́sidé!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àga wà níbẹ̀.”

Ó wo òkè pópó, ó wo ìsàlẹ̀. Ó jókòó. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni nǹkan bá já bọ́ lókè: wọnran! Kó tó dákẹ́, ẹsẹ̀ ti ń sáré lórí pákó, gbì-gbì-gbì, ohùn ọkùnrin jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín obìnrin.

Mọ́mì ti dìde. “Kí ló já?”

“Kọ́kọ́rọ́ ni, mà. Ó fẹ́ kó tú u.”

“Ó sì tú u? Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?”

“Ṣé ẹ ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ni?”

Ó padà jókòó. Ó ń fi ọwọ́ ṣẹ́ pílíìtì kan, ó ń tú u, ó ń ṣẹ́ ẹ, ó ń tú u. Mo ní, “Tó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ má tíì bi í ní nǹkan kan o.”

Ìyá Gáùn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Aṣọ aláìlápá ló wọ̀. Ojú okùn hàn lápá ẹ̀ méjèèjì, kò fi nǹkan kan bò ó. Ó jókòó síwájú Mọ́mì, ó ń mu tíì ẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Mọ́mì wo apá ẹ̀. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó sì dúró de ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó pé.